Ògiri Amọ̀ Tó Lanu: Kí Ni Ó Yẹ Kí A Fi Dí I?

  

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ògiri. Àwọn baba wa máa ń sọ pé, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òwe ni, ọ̀rọ̀ ìdílé ni wọ́n sì ń fi í sọ. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí a mú un bí ó ti rí gan-an. Ògiri ilé wa lanu. Kí ni a ó fi dí i?

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn kíá pé: "Sìmẹ́ńtì ni." Wọn yóò ní amọ̀ rọ̀, sìmẹ́ńtì le, ohun tó le ni yóò gba ilé là. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ohun tí ojú wa rí ní kíláàsì wa ló yí èrò mi padà.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní abúlé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé tí a ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, ilé amọ̀ ni. Páànù ni a fi bo orí rẹ̀. Ní ọdún kan, lẹ́yìn òjò, ògiri tí a gbé pátákó ìkọ̀wé kọ́ lanu láti òkè títí dé ìdajì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ti jẹ wọnú. A dá owó jọ. Àwọn ìyá mú nínú owó gàrí, àwọn bàbá mú nínú owó àgbàdo. A ra sìmẹ́ńtì, a wa iyanrìn, a pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà láti òkè délẹ̀. Ó ń dán. Inú gbogbo wa dùn.

Ọdún kejì, òjò tún dé. Bí a bá fi ọwọ́ kan ògiri náà kó-kó-kó, ó ń dún bí agbè òfìfo. A kò kà á sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, sìmẹ́ńtì náà ya kúrò lára ògiri, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó wó lulẹ̀ tòun ti pátákó. Orí àga tí àwọn ìyá máa ń jókòó sí ni ó wó lé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìyá kan wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń mọ ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì tó wó náà, ó sì tún fi ọwọ́ kan ògiri. Ó ní: "Olùkọ́, ẹ wá wò ó. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn, ibí yìí ṣì tutù. Ẹ ti dí ògiri yìí ní imú."

Ọ̀rọ̀ ìyá náà ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

ÌDÍ RẸ̀ TÍ SÌMẸ́ŃTÌ KÒ FI BÁ OGIRI AMỌ̀ GBÉ

Ògiri amọ̀ ń mu omi, ó sì ń tu omi náà sílẹ̀. Omi inú ilẹ̀ ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, bí epo ti ń gun òwú nínú fìtílà. Òjò ń ta sí i lára. Bí oòrùn bá yọ tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́, omi náà a tún jáde lọ. Bí ògiri bá ń rí ibi mí báyìí, ó lè pẹ́ púpọ̀.

Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi jáde bọ̀rọ̀. Bí a bá fi bo ògiri amọ̀, omi tó gba ìsàlẹ̀ wọlé yóò há sẹ́yìn rẹ̀. Ohun kejì ni pé amọ̀ a máa wú díẹ̀ bí ó bá tutù, a sì máa súnkì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì tó ti le kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń rìn, èkejì dúró. Nígbà tó bá yá, wọn yóò pínyà. Sìmẹ́ńtì yóò sán wẹ́wẹ́, òjò yóò gba ojú ibi tó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn yóò padà di ẹrẹ̀.

Ibi tó burú jù níbẹ̀ ni pé a kò ní rí i. Ìta le, ó ń dán, inú ti jẹrà. Ògiri amọ̀ tí a kò fi nǹkan bò, bí ó bá ń jẹ, ojú wa ni yóò ti jẹ, a ó sì tètè tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ di ìlànà kan yìí mú: ohun tí a ó fi dí ògiri gbọ́dọ̀ jọ ògiri náà, kò sì gbọdọ̀ le jù ú lọ. Ẹni tó bá fi awọ lẹ aṣọ àlòkù, ní ọjọ́ tó bá fọ̀ ọ́, aṣọ ni yóò ya, awọ kò ní ya. Ògiri amọ̀, amọ̀ ni a ó fi dí i. Ògiri bíríkì sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì ni a ó fi dí i.

Ẹ̀yin ará Kétu mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi àtijọ́. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń lọ wo Àkàbà Ìdènà títí di òní, nítorí pé wọ́n ń tún un ṣe. Ní òkè lọ́hùn-ún, ní ààlà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, àwọn Batammariba ń fi amọ̀ mọ ilé alájà tó dà bí ilé ìṣọ́. Ọdún 2004 ni àjọ UNESCO kọ ilẹ̀ wọn ní Tógò, tí à ń pè ní Koutammakou, mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé, ní 2023 wọ́n sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un. Amọ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ohun tó ń fẹ́ ni ìtọ́jú.

Ẹ KỌ́KỌ́ WÁ OHUN TÓ LA ÒGIRI LẸ́NU

Ẹni tó ń dí ihò láì wá ìdí rẹ̀, ọdọọdún ni yóò máa dí i. Kí a tó po amọ̀, ẹ jẹ́ kí a yí ilé po, kí a bi ara wa ní ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ǹjẹ́ páànù tàbí koríko òrùlé yọ síta dáadáa, tàbí omi rẹ̀ ń ṣàn sára ògiri? Bí etí òrùlé bá kúrú, ẹ fà á gùn.

2. Ǹjẹ́ omi òjò ń dúró sí ẹsẹ̀ ògiri? Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi lè ṣàn lọ. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ etí òrùlé kí ẹ̀kán omi má bàa máa ta ẹrẹ̀ sí ògiri.

3. Ǹjẹ́ ibi ìwẹ̀ tàbí ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà? Ẹ gbé e kúrò.

4. Ǹjẹ́ ikán ti ń gba inú rẹ̀? Ẹ ha ọ̀nà wọn kúrò, kí ẹ sì yẹ àwọn igi òrùlé wò.

5. Ǹjẹ́ ibi tó lanu ṣì ń fẹ̀ sí i? Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sí apá ọ̀tún rẹ̀, àti ìlà kan sí apá òsì. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì, kí ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ oṣù sára ògiri níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí iye náà kò bá yí padà, ẹ lè dí i. Bí ó bá ti pọ̀ sí i, ìpìlẹ̀ tàbí òrùlé ló ń dà á láàmú.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ògiri bá ti tẹ̀ síta, tàbí tí ẹ lè dúró nínú yàrá kí ẹ rí ìta láti ojú ibi tó lanu, tó sì ń fẹ̀ sí i, ẹ má dí i. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá náà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì pe àgbà tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Amọ̀ tí a fi bo ojú irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò ní kí ó má wó. Ńṣe ni yóò fi ewu pamọ́.

BÍ A ṢE Ń YAN AMỌ̀

Nǹkan mẹ́ta ni a nílò. Amọ̀ ló ń lẹ̀. Iyanrìn ni kì í jẹ́ kí amọ̀ súnkì kí ó sì sán. Koríko gbígbẹ ló ń di méjèèjì mú.

Amọ̀ tó dára jù fún ògiri wa ni èyí tó wó lára ògiri náà. Ẹ má dà á nù. Ẹ fọ́ ọ, ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ sómi. Bí kò bá tó, ẹ wa ilẹ̀. Ẹ má lo ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, nítorí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ títí àwọ̀ ilẹ̀ yóò fi yí padà. Amọ̀ òkìtì ọ̀gán náà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ púpọ̀, ó ń fẹ́ iyanrìn.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá amọ̀ pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí a wà? Ìdánwò méjì rèé.

Ìdánwò ìgò: Ẹ bu ilẹ̀ náà sínú ìgò funfun dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ bu omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀. Amọ̀ tó kúnná ni yóò wà lókè. Ẹ ó fi ojú yín rí ìpele wọn.

Ìdánwò yíyí: Ẹ bu omi díẹ̀ sí ilẹ̀ náà, ẹ pò ó, kí ẹ yí i gbọọrọ bí ìgbà tí a bá yí fùfú, kí ó ki tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ máa tì í jẹ́jẹ́ kọjá etí tábìlì títí yóò fi já. Ẹ wọn èyí tó já. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, iyanrìn ti pọ̀ jù. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, amọ̀ ti pọ̀ jù. Èyí tó wà láàárín méjèèjì dára.

Ẹ MÁ GBÀ Á GBỌ́, Ẹ DÁN AN WÒ LÁRA ÒGIRI

Ilẹ̀ Kétu kì í ṣe ilẹ̀ Sábẹ. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ kì í ṣe ti aládùúgbò rẹ. Ẹnikẹ́ni kò lè jókòó sí ilé rédíò kí ó sọ ìwọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Ògiri yín ni kí ẹ bi.

Ní kíláàsì wa, igbá kan ni a fi wọn ohun gbogbo. A po oríṣi mẹ́rin. A fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ògiri, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ìyá ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye sí ẹ̀gbẹ́ wọn:

Oríṣi 1: amọ̀ igbá 1, láìsí iyanrìn.
Oríṣi 2: amọ̀ igbá 1, iyanrìn igbá 1.
Oríṣi 3: amọ̀ igbá 1, iyanrìn igbá 2.
Oríṣi 4: amọ̀ igbá 1, iyanrìn igbá 3.

A dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Oríṣi 1 sán bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oríṣi 2 sán díẹ̀. Oríṣi 3 kò sán, a fi ọwọ́ nù ún, kò sì ya. Oríṣi 4 kò sán, ṣùgbọ́n bí a ti fi ọwọ́ nù ún ni iyanrìn ń dà. A mú oríṣi 3. Ní abúlé tiyín, ó lè jẹ́ oríṣi 2 tàbí 4. Èyí tí kò sán tí kò sì dà ni kí ẹ mú. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, nítorí ọdún tó ń bọ̀, orí lè gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé.

BÍ A ṢE Ń DÍ I

Ìgbà tó dára jù ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ kìíní: Ẹ po amọ̀ àti iyanrìn ní ìwọ̀n tí ẹ ti yàn. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, kí ó gùn tó ìka, kí ẹ dà á sí i. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kí ó rà fún ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò máa rùn díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó ń mú un rùn náà ló ń mú un lẹ̀. Ẹni tó bá rí ìgbẹ́ màlúù lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní lè pò ó mọ́ ọn.

Ọjọ́ tí ẹ ó dí i:

1. Ẹ ha gbogbo ohun tó ti tú kúrò. Ẹ gbẹ́ ibi tó lanu kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, kí amọ̀ tuntun lè rí ibi dì mú.

2. Ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò. Amọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ eruku.

3. Ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún wọ́n ọn. Bí ògiri bá gbẹ, yóò fa omi inú amọ̀ tuntun, amọ̀ náà yóò sì ya. Ṣùgbọ́n kí omi má ṣàn.

4. Ẹ sọ amọ̀ náà lù ú pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ihò náà bá jìn, ẹ kó àfọ́kù amọ̀ gbígbẹ sínú rẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tútù, bí ẹni ń to bíríkì.

5. Ẹ má dí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ìpele kan má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ fi igi ha ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí èyí tó ń bọ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn lé e.

6. Ìpele ìkẹyìn, kí ó fẹ́lẹ́. Ẹ fi asẹ́ sẹ amọ̀ àti iyanrìn rẹ̀. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ dán an.

7. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán tàbí ọyẹ́ gbẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ fi ẹní tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí i fún ọjọ́ 2 tàbí 3.

Bí ó bá gbẹ tán, àwọn kan máa ń se èèpo èso igi irú, èyí tí wọ́n ti yọ irú nínú rẹ̀, títí omi rẹ̀ yóò fi pupa kí ó sì ki. Wọn a fi kun ògiri náà. Òjò kì í tètè jẹ ojú rẹ̀ mọ́. A gbọ́dọ̀ máa tún un kùn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

IBI TÍ SÌMẸ́ŃTÌ TI WÚLÒ

A kò bá sìmẹ́ńtì jà. Bí ilé yín bá jẹ́ ti bíríkì sìmẹ́ńtì, amọ̀ kò lè dí i. Ẹ fi sìmẹ́ńtì igbá 1 pẹ̀lú iyanrìn mímọ́ igbá 4 dí i. Ẹ po ìwọ̀nba èyí tí ẹ lè lò kí wákàtí kan tó pé. Èyí tó bá ti ń le, ẹ má bu omi sí i kí ẹ tún un pò, agbára rẹ̀ ti lọ. Sìmẹ́ńtì tó ti dì nínú àpò kò wúlò fún ògiri. Ẹ máa wọ́n omi sí iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fọ ọwọ́ yín, nítorí sìmẹ́ńtì tútù ń jó ara.

Ẹni tí sìmẹ́ńtì ti wà lára ògiri amọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí ó fi ọwọ́ kàn án káàkiri. Ibi tó bá ń dún bí agbè òfìfo, kí ó rọra gbá a kúrò, kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má bàa wó lé e, kí ó jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa, kí ó sì fi amọ̀ dí i. Ibi tó bá ṣì lẹ̀ dáadáa, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ọ.

Ògiri kíláàsì wa ti gba òjò ọdún mẹ́ta láti ìgbà tí a ti fi amọ̀ dí i. Ó jẹ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, a sì tún un ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láì ná owó. Lára ògiri yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ẹ ó rí ohun tí ìyá amọ̀kòkò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Amọ̀ 1, iyanrìn 2." Òun ni ohun àkọ́kọ́ tó kọ tí ẹnikẹ́ni kò pè fún un.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyá náà ní lọ́kàn nígbà tó ní a ti dí ògiri ní imú?
2. Kí ni iyanrìn ń ṣe nínú amọ̀? Kí ni koríko ń ṣe?
3. Irú ògiri wo ni kò yẹ kí a dí, bí kò ṣe pé kí a sá kúrò lábẹ́ rẹ̀?
4. Ẹ yí ilé kan po ní abúlé yín. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tó lè la ògiri rẹ̀ lẹ́nu.

Ó dìgbà kan ná. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ilé wó lù wá.